Ẹ má fi hash() pamọ́ sórí dísìkì, ojú mi ti rí i

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè pé bóun bá fi hash() tó wà nínú Python, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà di nọ́ńbà kan, ṣe orúkọ fáìlì, ṣé nọ́ńbà yẹn ò ní yí padà tóun bá pa prógíráàmù tóun tún ṣí i, tàbí tóun bá gba Python tuntun: á yí padà o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí màbo.

Mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kọ prógíráàmù tí wọ́n fi ń tọ́jú rìsíìtì. Fóldà 64 ni mo ṣe, hash(orúkọ) % 64, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù tẹ́ ẹ bá fi 64 pín nọ́ńbà yẹn, ló sì ń sọ fóldà tí rìsíìtì ẹnì kọ̀ọ̀kan máa wọ̀. Nígbà tí mo ń dán an wò, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni mo lò, òun gan-an ni ò jẹ́ kí n tètè fura, torí hash(7) ní Python, 7 náà ni, lónìí, lọ́la. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ní orúkọ làwọn fẹ́, mo bá yí i sí orúkọ, ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn ò pa kọ̀ǹpútà yẹn, kò sẹ́ni tó ṣàròyé. Ọjọ́ tí iná lọ tí inverter náà kú, tí wọ́n tún un tàn, gbogbo rìsíìtì tí wọ́n bá wá, "kò sí". Akápò pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó rò pé àkọsílẹ̀ owó àwọn èèyàn ti wọmi nìyẹn. Èmi náà rò pé dísìkì ló bàjẹ́. Òru méjì ni mo fi wá a, kí n tó ṣí terminal méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí mo tẹ hash('Bose') sí méjèèjì. Ọ̀kan gbé nọ́ńbà gbọọrọ kan wá, èkejì gbé òmíràn wá tí ò jọ ọ́ rárá. Orúkọ kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, ìṣẹ́jú kan náà!

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìparí 2011 làwọn kan fi hàn ní ìpàdé kan ní Jámánì pé èèyàn lè ṣa ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn máa já sójú kan náà nínú dict, àkójọ tí Python ń fi hash wá nǹkan nínú ẹ̀, kó dà wọ́n lu sáfà, kí sáfà máa mí hẹlẹ. Ìdí nìyẹn tí Python fi ń po nọ́ńbà àṣírí kan mọ́ hash str (ọ̀rọ̀) àti bytes (ọ̀rọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú ẹ̀ ní nọ́ńbà-nọ́ńbà), tuntun ló sì ń mú nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ṣí i. Láti 3.3, ní 2012, ló ti ń ṣe é fúnra ẹ̀.

Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ fi PYTHONHASHSEED=0 sí i, kí nọ́ńbà àṣírí yẹn má bàa máa yí padà mọ́. Wọ́n sọ fún èmi náà, mo to fáìlì padà, mo fi í sí i, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tá a kúrò lórí 3.10 bọ́ sórí 3.11, ó tún ṣẹlẹ̀, torí 3.11 pààrọ̀ ìṣírò ẹ̀ látìdí, láti SipHash-2-4 sí SipHash-1-3. Ti String (ọ̀rọ̀) ní Java, èdè prógíráàmù mìíràn, yàtọ̀, ìwé wọn kọ fọ́múlà ẹ̀ sílẹ̀, 31 ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ lè gbọ́kàn lé ìyẹn, àmọ́ ti Object lásán, rárá.

hashlib.sha256, hash míì tí kò ní nọ́ńbà àṣírí kankan, ni mo ń lò báyìí, bytes kan náà, èsì kan náà, Python yòówù kó jẹ́. Àmọ́ bytes ni mo wí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ orúkọ Yorùbá, ẹ dákun ẹ ṣọ́ra níbí: fóònù kan á kọ ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, òmíràn á kọ o kó tó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i lọ́tọ̀. Ojú ò lè mọ̀yàtọ̀, sha256 mọ̀ ọ́n. Bí Bọ́lá kan ṣe di èèyàn méjì lọ́wọ́ wa nìyẹn, ọ̀kan láti fóònù, ọ̀kan láti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ẹ kọ́kọ́ fi unicodedata.normalize('NFC', orúkọ) tò ó, kí ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì lè di ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó fi encode('utf-8') sọ ọ́ di bytes.

Tí ti yín bá ti dàrú, ẹ má wá hash àtijọ́ kiri, kò sí níbì kankan mọ́. Ẹ ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ ka orúkọ tó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí fóldà tuntun. Orúkọ wà nínú rìsíìtì tiwa, òun ló yọ wá. Akápò jókòó tì mí títí a fi kà á tán, ọ̀kan ò dín.