Ìdíje Tó Ti Parí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ Sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ìtàn kúkúrú mẹ́ta ni mo ní lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ bí 1,800 ọ̀rọ̀, èkejì lé díẹ̀ ní 4,000, ẹ̀kẹta sì ti wà lórí Facebook mi láti ọdún tó kọjá. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ nípa ìdíje ìkọ̀wé, ó ti parí. Èyí tí kò bá tíì parí, wọ́n á ní kí n sanwó. Níbo gan-an làwọn èèyàn ti ń rí nǹkan wọ̀nyí? Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ti gbájúẹ̀? Ṣé lóòótọ́ sì ni pé ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wà fún òǹkọ̀wé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń dùn yín jù, ìyẹn àwọn ìdíje tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nípa wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí. Ẹ má gbàgbé wọn o. Púpọ̀ nínú ìdíje tó lórúkọ máa ń padà wá lọ́dọọdún, oṣù tí wọ́n sì ń ṣí i kì í sábà yí padà. Commonwealth Short Story Prize, bí àpẹẹrẹ, ìyẹn ìdíje ìtàn kúkúrú fún ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ Commonwealth (àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso rí ló pọ̀ jù níbẹ̀), máa ń ṣí ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì máa ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Ẹni tó gbọ́ nípa rẹ̀ ní oṣù Kejìlá kò pàdánù ohunkóhun: ó ní oṣù tó pọ̀ níwájú láti fi tún ìtàn rẹ̀ kọ dáadáa. Ẹni tó gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo máa ń káàánú, torí ohun tó bá wà nílẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ ya ìwé kan tàbí fáìlì kan sọ́tọ̀. Ìdíje yòówù tẹ́ ẹ bá gbọ́, yálà ó ti parí tàbí ó ṣì ń lọ, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, oṣù tó ń ṣí, ọjọ́ tó ń parí, iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fẹ́, iye tí wọ́n ń gbà bí wọ́n bá ń gbowó, àti àjọ tó ń ṣètò rẹ̀. Kí ọdún kan tó yí po, ẹ ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí wọ́n tó kéde rẹ̀.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ti máa wá a, ìwé ìròyìn Poets & Writers ti Amẹ́ríkà ní àkójọ ìdíje, owó ìrànwọ́ àti jọ́nà (ìwé ìròyìn tó ń gbé ìtàn àti ewì jáde) lórí ìkànnì rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìkànnì The Submission Grinder náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè fi irú ìtàn tẹ́ ẹ kọ àti iye ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá jọ́nà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn ló ń kọ èsì tí wọ́n rí gbà síbẹ̀, ẹ ó sì rí bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí olóòtú kan tó fèsì. Duotrope jọ ọ́, àmọ́ owó ni wọ́n fi ń lò ó. Ìkànnì Submittable ni ọ̀pọ̀ jọ́nà fi ń gba iṣẹ́ wọlé; tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ lè wo àwọn ìpè tó ṣì wà ní ṣíṣí.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju gbogbo àkójọ lọ. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé òǹkọ̀wé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ tiyín, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, kẹ́ ẹ ka ìwọ̀nba tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ẹ ó rí jọ́nà tó kọ́kọ́ gbé ìtàn rẹ̀ jáde, ẹ̀bùn tó gbà, àti ibi tí wọ́n ti gbà á lálejò kó lè ráyè kọ̀wé. Olóòtú tó fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ tiyín náà.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìdíje kan, òfin rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ tó wo iye owó ẹ̀bùn. Ìtàn tí Commonwealth ń fẹ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní 2,000 ọ̀rọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju 5,000 lọ. Kò gbọ́dọ̀ tíì jáde rí. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú Commonwealth, kó sì ti pé ọmọ ọdún 18. Wọn kì í gbowó, wọ́n sì ń gba ìtàn ní èdè mélòó kan yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Swahili wà lára wọn. Booker Prize, ẹ̀bùn fún ìwé ìtàn àròsọ tó ti wà láti ọdún 1969, yàtọ̀ pátápátá sí èyí: òǹkọ̀wé kò lè fi ìwé ara rẹ̀ ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti wà lára àwọn tó ń ṣa iṣẹ́ nínú ìdíje kan rí. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni ìtàn tó dára tí a ní láti yọ kúrò nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Òfin ní kí orúkọ òǹkọ̀wé má sí nínú fáìlì. Òǹkọ̀wé náà yọ ọ́ lábẹ́ àkọlé lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, orúkọ rẹ̀ náà ló sì fi sọ fáìlì. Tàbí kí wọ́n ní 5,000 ọ̀rọ̀, kó fi 5,140 ránṣẹ́. Tí a bá gba tirẹ̀, a ti rẹ́ ẹni tó jókòó gé ìtàn tiẹ̀ kù jẹ.

Ẹ tún wo ohun tí òfin sọ nípa AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó lè fúnra rẹ̀ kọ ìtàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Clarkesworld, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó ń gbé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì jáde, ní láti dáwọ́ ìtàn gbígbà dúró fúngbà díẹ̀ nítorí ìtàn tí AI kọ tó ya bò wọ́n. Jọ́nà tí kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá kò ṣọ̀wọ́n mọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Pé wọ́n ń gbowó kò fi dandan túmọ̀ sí pé gbájúẹ̀ ni wọ́n. Bridport Prize, ìdíje ìkọ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbowó ìwọlé, ó sì ti wà láti ọdún 1973, àwọn òǹkọ̀wé sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: ṣé wọ́n dárúkọ àwọn adájọ́? Ta ló gbà á lọ́dún tó kọjá, ṣé mo sì lè rí iṣẹ́ ẹni náà kà? Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún ni ìdíje tí gbogbo èèyàn ti ń yege, tí wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ ra ìwé tí ewì yín wà nínú rẹ̀ lówó gọbọi, tàbí tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ sanwó àtúnṣe kí ẹ̀bùn yín tó lè tẹ̀ yín lọ́wọ́. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń ṣọ́ irú àwọn oníjìbìtì bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1998 lábẹ́ orúkọ Writer Beware. Ẹ wá orúkọ ìdíje náà lórí ìkànnì wọn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Gbólóhùn kan wà tó burú ju owó ìwọlé lọ, ó sì máa ń fara pa mọ́ sísàlẹ̀ òfin: “Gbogbo iṣẹ́ tí a bá fi ránṣẹ́ di ti àwọn tó ṣètò ìdíje yìí.” Ẹ kíyè sí “gbogbo iṣẹ́” yẹn. Ẹni tí kò gba ẹ̀bùn kankan pàápàá ti sọ ìtàn rẹ̀ nù. Èyí tó dáa ni kí wọ́n gba àṣẹ láti kọ́kọ́ gbé ìtàn tó bá yege nìkan jáde, kí wọ́n sọ iye àkókò tí àṣẹ náà fi wà lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà kí ó padà di tiyín. Tí kò bá yé yín, ẹ fi ímeèlì béèrè. Olóòtú gidi kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wà dáadáa. Michener Center, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìkọ̀wé ní Yunifásítì Texas, ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà, ń gbé bùkátà gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbà wọlé. Stegner Fellowship ti Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà náà, kì í fúnni ní oyè. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń sanwó fún òǹkọ̀wé kó lè kọ̀wé. Tó bá jẹ́ ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, MacDowell ní Amẹ́ríkà ti ń gba oníṣẹ́ ọnà lálejò láti ọdún 1907, wọn kì í sì í gbowó ilé tàbí oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ojú ewé mélòó kan tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ nínú iṣẹ́ yín ló ń sọ̀rọ̀ fún yín ju ìwé ẹ̀rí lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi àkókò yín sí. Bí owó fọ́ọ̀mù bá wọ́n jù, ẹ kọ̀wé sí wọn ní kùtùkùtù bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní ààyè fún un, àmọ́ ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún.

Ó wá ku àwọn ìtàn yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ asán kún èyí tó jẹ́ 1,800 kó lè pé 2,000. Jọ́nà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ yan àwọn tó gbà kí ìtàn kan wà lọ́dọ̀ jọ́nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan bá sì ti gbà á, ẹ kọ̀wé sí àwọn yòókù lọ́jọ́ náà pé ẹ ti gba ìtàn náà padà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó lé ní 4,000 bá òfin Commonwealth mu tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbé e síbì kankan lórí ayélujára títí oṣù Kẹsàn-án. Ti Facebook ló le díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìdíje ló ka ìyẹn sí ìtàn tó ti jáde, kódà tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ lónìí. Ẹ wá jọ́nà tó ń gba ìtàn tó ti jáde rí, kẹ́ ẹ sì sọ nínú lẹ́tà yín pé Facebook ló ti kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀.