Ọmú mi le, ṣé kí n kúkú ṣe scan nìkan?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 46 ni mí, Ìkéré ni mò ń gbé. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ṣe mammogram (fọ́tò X-ray tí wọ́n ń ya ọmú), wọ́n fún un níwèé pé ọmú ẹ̀ ki, ló bá lọ ṣe scan (ultrasound, irú tí wọ́n ń ṣe fún aboyún) kún un. Tèmi náà le lọ́wọ́ gan-an, pàápàá tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀. Ẹnì kan ní mammogram kì í ríran nínú ọmú tó ki, pé iná X-ray ẹ̀ ló tún ń fa jẹjẹrẹ, kí n ṣe scan nìkan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, mà. Ìkẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí tí wọ́n á bi mí nírú ẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ sọ fún yín pé ọmú yín ki? Kó le lọ́wọ́ yàtọ̀ sí kó ki. Ọmú lè rọ̀ bí ẹ̀kọ kó sì ki, ó lè le kó má ki rárá. Ọmú tó ki ni èyí tí ẹran tó ń ṣe omi ọmú àti iṣan tó gbé e ró pọ̀ ju ọ̀rá lọ nínú ẹ̀, inú fíìmù mammogram la ti ń rí i, ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n. So ẹni tí ò tíì ṣe mammogram ò tíì mọ̀. Kì í sì í ṣe àìsàn. Ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn obìnrin tó ti lé ní 40 tí tiwọn ki, àtì September 2024 nìjọba ibẹ̀ ti ní kí wọ́n máa kọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ṣe mammogram, bó ki bí ò ki. Ìwé yẹn làbúrò yín gbà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ "scan nìkan" yìí ló ń bí mi nínú. Ọmọ Èkìtì ni wá, ẹ jẹ́ n fi iyán ṣàlàyé ẹ̀. Nínú fíìmù mammogram, ọ̀rá á dúdú, ẹran ọmú á funfun, jẹjẹrẹ náà á funfun. Tí ọmú bá wá ki, ó dà bíi kéèyàn máa fojú wá kókó nínú iyán, ó wà níbẹ̀ àmọ́ ojú lè fò ó. Ibẹ̀ ni scan ti wúlò, torí lójú tiẹ̀ ẹran ló máa funfun, jẹjẹrẹ á sábà dúdú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wóró kálísíọ́mù kan wà, tíntìntín bí iyọ̀, tó jẹ́ pé nígbà míì àwọn nìkan ni àmì jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ò tíì jáde kúrò nínú ojú ọ̀nà omi ọmú, scan kì í sábà rí wọn, mammogram ló ń rí wọn. Ẹ wá ní kẹ́ ẹ pa èyí tì?

Wọ́n dán an wò ní Japan lára àwọn obìnrin tó lé ní 70,000, ọmọ ọdún 40 sí 49. Nínú jẹjẹrẹ 100, mammogram nìkan rí bíi 77, òun pẹ̀lú scan rí 91. ÒUN PẸ̀LÚ SCAN ni mo wí o. Ẹni tó ń fìyẹn polówó scan nìkan ò kà á tán. Àtipé scan máa ń pe irọ́ náà, ẹlòmíì tí nǹkan kan ò ṣe á tìtorí ẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò lásán.

Ti iná X-ray yẹn, ó kéré, ìwọ̀nba tí ara ń gbà fúnra ẹ̀ láyìíká wa láàrin bí ọ̀sẹ̀ méje ni.

Mi ò rí yín, mi ò yẹ̀ yín wò, so dókítà tó bá rí yín ló lè pàṣẹ. Tí kókó bá wà, tàbí orí ọmú ń ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ẹ lọ lónìí (ọmọdébìnrin tí ò tíì tó 30 tó ní kókó, scan ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún un). Tí ò bá sí, ẹ lọ ṣe mammogram lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé nǹkan oṣù, kó má baà dùn yín. Ẹ pe ọsibítù ńlá ní Adó tàbí Ìdó kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ bóyá A, B, C tàbí D ni tiyín (A ni èyí tí ọ̀rá pọ̀ jù nínú ẹ̀, D ló ki jù), tó bá jẹ́ C tàbí D, ìyẹn ni pé ó ki, ìgbà yẹn la tó lè jọ sọ̀rọ̀ scan, lọ́wọ́ ẹni tó mọ ti ọmú o, kì í ṣe ẹni tó jẹ́ pé ti aboyún nìkan ló ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ má sì fi páúdà tàbí deodorant sí abíyá lọ́jọ́ náà, ó máa ń hàn bíi wóró iyọ̀ yẹn nínú fíìmù.