Ásíìdì Aláìlágbára àti Ooru Tí Ó Ń Mú Jáde

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mí ní yunifásítì. Nínú yàrá àyẹ̀wò, a da 50 mílílítà ethanoic acid, ásíìdì tí ó ń mú kí fínígà kan, pọ̀ mọ́ 50 mílílítà sodium hydroxide nínú ife fóòmù. Móòlù (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye èròjà) 1.0 ni ó wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì. Tẹmómítà gòkè ní 6.5 °C. Nítorí pé wọ́n kọ́ wa pé ìdá kékeré lára ásíìdì aláìlágbára ni ó máa ń pín sí áyọ́ọ̀nù (èérún tí ó ní iná mànàmáná lára), móòlù ìdá kékeré yẹn ni mo fi pín ooru tí mo rí, mo sì gba iye tí ó ju 12,000 kílójúùlù lọ fún móòlù kan. Wọ́n fagi lé e láìṣàlàyé. Níbo ni mo ti ṣìnà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Kò sí àṣìṣe nínú bí o ṣe pín in; ohun tí o fi pín in ni kò tọ́. Kọ́kọ́ wo bí iye náà ṣe tóbi tó. Bí a bá sun móòlù kan octane, ọ̀kan lára àwọn èròjà inú epo bẹntiróòlù, ooru tí yóò mú jáde jẹ́ nǹkan bí 5,470 kílójúùlù. Kò sí bí ásíìdì inú fínígà ṣe lè fi ìlọ́po méjì ju bẹntiróòlù lọ. Ó wù mí kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe irú àfiwé yìí kí wọ́n tó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn wọn.

Òtítọ́ ni pé kí ethanoic acid tìrẹ tó fara kan sódà (sodium hydroxide), nǹkan bí mólíkù 4 nínú 1,000 ni ó ti pín. Ṣùgbọ́n ronú nípa ọlọ́sàn tí ó to ọsàn mẹ́rin péré sórí àtẹ, tí apẹ̀rẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì kún dẹ́nu. Bí oníbàárà bá ti kó mẹ́rin yẹn, yóò tún to mẹ́rin mìíràn, títí apẹ̀rẹ̀ yóò fi ṣófo. OH⁻, áyọ́ọ̀nù tí ó wá láti inú sódà, ni oníbàárà yìí; H⁺ tí ásíìdì ń tú sílẹ̀ ni ọsàn. Bí ó ṣe ń gba H⁺ tí wọ́n ń di omi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mólíkù tí kò tíì pín ń pín láti dí àlàfo náà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí tẹmómítà rẹ dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ásíìdì náà ni ó ti di ethanoate, ìyẹn CH₃COO⁻, áyọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ́kù nígbà tí H⁺ bá kúrò. Iye ọsàn tí ó wà lórí àtẹ ni o kà. Iye tí a tà ni ó yẹ kí o kà.

Nítorí náà, móòlù 0.050 ni ó yẹ kí o fi pín in. Ooru náà jẹ́ 100 (gíráàmù omi méjèèjì) × 4.18 (júùlù tí ó ń mú gíráàmù omi kan gbóná ní 1 °C) × 6.5, ìyẹn 2,717 júùlù. (Àwọn mìíràn a máa fi 50 gíráàmù síbẹ̀, wọ́n a gbàgbé pé omi méjèèjì ni ó gbóná.) Bí a bá pín in, a ó rí 54.3 kílójúùlù fún móòlù kan, àmì ìyọkúrò yóò sì wà níwájú rẹ̀ nítorí pé ooru jáde: ΔH (ìyípadà ooru) = −54.3 kJ/mol (kílójúùlù fún móòlù kan).

Ibo wá ni àìlágbára ásíìdì náà ti ń farahàn? Germain Hess, tí a bí ní Geneva ní ọdún 1802, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, fi hàn ní ọdún 1840 pé ọ̀nà yòówù tí a bá gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìyípadà kan, àpapọ̀ ooru rẹ̀ kì í yàtọ̀. A lè tipa bẹ́ẹ̀ pín iṣẹ́ yìí sí ìgbésẹ̀ méjì: ásíìdì yóò tú H⁺ rẹ̀ sílẹ̀, H⁺ yóò sì pàdé OH⁻ láti di omi. Ìgbésẹ̀ kejì kò yàtọ̀ láti orí ásíìdì kan sí òmíràn, −55.8 kJ/mol ni ní 25 °C. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ń yàtọ̀. Hydrogen cyanide, HCN, ń gba nǹkan bí 43.5 kJ/mol kí ó tó lè tú H⁺ sílẹ̀, nítorí náà nǹkan bí −12.3 péré ni ó ń ṣẹ́kù.

Ti ethanoic acid yàtọ̀ pátápátá. Nínú tábìlì ẹ́ńtálípì ìdásílẹ̀ (ìyípadà ooru nígbà tí a bá ṣe móòlù kan èròjà láti inú àwọn ẹ́límẹ́ńtì rẹ̀) ní 25 °C, CH₃COOH nínú omi jẹ́ −485.8, CH₃COO⁻ jẹ́ −486.0, wọ́n sì fi H⁺ sí òdo. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ −0.2 péré! Agbára tí ó ń ná láti já H⁺ kúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí omi ń dá padà nígbà tí ó bá yí àwọn áyọ́ọ̀nù ká dọ́gba. Nípa bẹ́ẹ̀, bí a bá fi −0.2 yìí kún −55.8, −56.0 ni tábìlì fún wa. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ tí ó lo HCl (hydrochloric acid, ásíìdì alágbára) bá rí −56.0 tí ìwọ sì rí −54.3, má ṣe yára sọ pé àìlágbára ásíìdì ni ó fà á. 1.7 kílójúùlù yẹn kò ju 0.2 °C lọ lórí tẹmómítà, ooru tí ó sì sá gba ẹnu ife tó bẹ́ẹ̀ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ǹjẹ́ mo lè sọ fún àwọn ọmọ pé ooru ásíìdì aláìlágbára máa ń kéré ju ti alágbára lọ nígbà gbogbo? — Olùkọ́, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Rárá o, olùkọ́ wa. Ẹ yọ “nígbà gbogbo” kúrò níbẹ̀. Ásíìdì aláìlágbára ni hydrogen fluoride, HF, síbẹ̀ −320.1 ni tábìlì kọ fún un nínú omi, tí F⁻ sì jẹ́ −332.6. Áyọ́ọ̀nù F⁻ kéré, omi sì ń rọ̀ mọ́ ọn tìpẹ́tìpẹ́, tí ìtúsílẹ̀ H⁺ fi ń mú ooru 12.5 kJ/mol jáde dípò kí ó gba ooru. Ẹ fi kún −55.8, yóò di −68.3, èyí tí ó ju ti HCl lọ. Orí pátákó ni kí ẹ ti ṣe ìṣirò yìí fún wọn, ẹ má ṣe gbé HF fúnra rẹ̀ wọ kíláàsì: ó ń jẹ gíláàsì, ó sì ń gba inú awọ ara wọlé dé eegun.