Ìtọ̀ tó ń ta èèyàn: ibi tí agbára cranberry mọ

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ìtọ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín, ìkẹta rẹ̀ láàárín ọdún kan, pé aládùúgbò yín ní Lugbe ní kí ẹ pa oògùn òyìnbó tì, kí ẹ ra cranberry, èso pupa òyìnbó kan, àti D-mannose, irú ṣúgà kan, kí ẹ máa fi zobo lé e. Ẹ wá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi àti àìsàn yìí, èyí tí kòkòrò ń fà lọ́nà ìtọ̀, ti ń bára wa bọ̀ láti ìgbà tí mo ti kó dé Kubwa. Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn fọwọ́ di ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mú torí ìtọ̀ tí kò kún ṣíbí. Nítorí náà, mi ò ní bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀: bó bá ń ta yín lọ́wọ́ báyìí, kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó máa wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ìtọ̀ wò kí ẹ tó gbé oògùn kankan mì. Kí wọ́n má kàn ti bébà bọ inú ìtọ̀ náà nìkan o. Ẹ ní culture lẹ fẹ́, èyí tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò inú ìtọ̀, tí wọ́n á wá fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò kí wọ́n lè mọ èyí tó ń pa á. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Cipro, oògùn apakòkòrò tí gbogbo kẹ́mísìtì máa ń nà síni yẹn, kòkòrò míì ti mọ̀ ọ́n dunjú, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n bá fún yín ní ike, ẹ fọwọ́, ẹ fi omi ṣan ojú ara, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, kí ẹ gba ti àárín, kí ọwọ́ má kan ẹnu ike. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti tọ̀ ọ́. Èyí téèyàn tọ̀ nílé láàárọ̀, tó gbé sínú báàgì, tó sì wọ mọ́tò láti Lugbe dé Garki nínú oòrùn oṣù kẹta, kòkòrò á ti bí sí i lójú ọ̀nà kó tó dé lábù.

Ẹ má sì bínú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́ńpáùndì yín, òun kọ́. Kòkòrò E. coli tó ń gbé inú ìfun gbogbo wa ló máa ń fa èyí tó pọ̀ jù. Láti ìdí ló ti ń rìn bọ̀ wá síwájú, ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin ò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká máa nu ara láti iwájú lọ sẹ́yìn, ká sì máa tọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀.

Cranberry ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun kan wà nínú èso náà tí wọ́n ń pè ní PAC, kì í jẹ́ kí E. coli rí ara àpò ìtọ̀ lẹ̀ mọ́. Ó dà bíi kéèyàn fi epo kun ògiri kí alángbá má lè gùn ún. Alángbá tó ti wọ yàrá, epo ara ògiri ò kàn án. Nínú àkójọ ìwádìí tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, gbé jáde ní 2023, ó dín bí àìsàn yìí ṣe ń padà wá kù fún àwọn obìnrin tó máa ń ṣe lemọ́lemọ́ àti fún àwọn ọmọdé. Wọn ò rí irú àǹfààní yẹn fún aláboyún, fún arúgbó tó ń gbé ilé ìtọ́jú, tàbí fún ẹni tí ìtọ̀ kì í tán lápò rẹ̀. Èmi ṣì ń lò ó. Ó jẹ́ kó máa jìnnà síra, kò dá a dúró pátápátá.

Ẹ yí ìgò kápúsù náà padà kí ẹ tó sanwó. Iwájú á kọ ọ́ gàdàgbà pé cranberry 500 mg tàbí 1,000 mg. Ìyẹn kọ́ lẹ ń wá. PAC lẹ ń wá, 36 mg lóòjọ́ sì ni iye tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Bí wọn ò bá kọ PAC síbẹ̀ rárá, mo máa ń dá a padà sórí àtẹ ni, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù ní Wuse. Ti inú páálí tí wọ́n ń mu, ṣúgà ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè ná.

D-mannose, ẹ fi owó yẹn ra ẹja. Ní 2024, ìwádìí kan jáde láti UK lórí obìnrin 598 tó máa ń ṣe léraléra; wọ́n fún àwọn kan ní gíráàmù 2 lóòjọ́ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n fún àwọn yòókù ní ayédèrú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bó ṣe padà ṣe àwọn ti ibí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ padà ṣe àwọn ti ọ̀hún.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni omi. Ní 2018, wọ́n kó obìnrin 140 jọ tí omi tí wọ́n ń mu lóòjọ́ ò pé lítà 1.5, tí ìtọ̀ sì máa ń ta wọ́n. Wọ́n ní kí ìdajì wọn fi lítà 1.5 kún ti tẹ́lẹ̀ fún ọdún kan. Ní ìpíndọ́gba, ó ṣe àwọn yẹn ní ìgbà 1.7, ó ṣe àwọn yòókù ní 3.2. Lítà 1.5 ò ju pure water mẹ́ta lọ. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ibo lẹ fẹ́ tọ̀ ọ́ sí. Obìnrin tó ń ti Mararaba wọ ìlú, tó máa kó sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, ṣe ló ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀fun òun gbẹ. Èmi kì í mu púpọ̀ kí n tó kúrò nílé. Bí mo bá ti dé ọ́fíìsì ni mo máa ń já ọ̀kan, òmíràn kó tó di agogo méjìlá, ìkẹta lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kó lè tán lára mi kí n tó wọ mọ́tò padà. Ìgbà ọyẹ́ ló nira jù, torí òùngbẹ kì í gbẹ èèyàn.

Zobo ò burú bí wọn ò bá da ṣúgà bò ó, ó ń mú ni tọ̀, àmọ́ mi ò rí ẹ̀rí kankan pé ó ń dènà àìsàn yìí. Àwọn kayan mata tí wọ́n ń kì bọ ojú ara, àti fífi Dettol fọ inú, ẹ sá fún un, wọ́n ń ba àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jẹ́.

Bí ibà bá bá a wá, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ bá ń ro yín, tí ẹ ń bì, tàbí tí oyún bá wà níkùn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò ló ń tọ ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní tsargiya. Praziquantel ni oògùn ìyẹn.

Ẹ sọ fún dókítà pé ìkẹta rèé láàárín ọdún kan, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á sí èyí tó ń padà wá, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Kí wọ́n yẹ ṣúgà ara yín wò pẹ̀lú. Ní ti ìyá ọkọ yín ní Ìlọrin tí ẹ ní ó ń ṣe àwọn náà, àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ní ìpara estrogen kan tí wọ́n ń fi sójú ara, ó ń dín in kù. Dókítà ló máa kọ ọ́ fún wọn, kì í ṣe kẹ́mísìtì.