Báwo ni wọ́n ṣe mọ ìwọ̀n kẹ́míkà tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. A bu omi láti inú kànga kan tó wà lẹ́bàá oko kòkó wa, a sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èsì tó dé sọ pé ẹ̀rọ mass spectrometer (ẹ̀rọ tó ń fi bí èérún kẹ́míkà ṣe wúwo sí dá wọn mọ̀) rí kẹ́míkà kan tí wọn kò tíì dá mọ̀, àti pé ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín máíkírógíráàmù (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) 0.3 sí 3 nínú lítà kan. Ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀, báwo ni a ṣe ka iye ọmọ rẹ̀? Kí ló sì dé tí nọ́ńbà kejì fi jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti àkọ́kọ́? Bàbá àgbẹ̀ kan, Ìjerò-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko, Bàbá. Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà gan-an ni ìbéèrè yín bà. Ẹ̀rọ yìí kì í gbé nǹkan sórí ìwọ̀n bí àwọn tó ń ra kòkó ṣe ń gbé àpò yín. Ṣe ni wọ́n ń fín omi náà gba ẹnu abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan tí iná mànàmáná wà lára rẹ̀, àwọn èérún tó bá sì gba iná náà mọ́ra nìkan ni ẹ̀rọ lè kà.

Ẹ fi wé agogo akéde. Bí akéde bá lu agogo, gbogbo ará agboolé kan lè jáde, kó sì jẹ́ pé ẹnìkan péré nínú ogún ni yóò yọjú ní agboolé kejì. Ẹni tó ka àwọn tó jáde kò tíì mọ iye àwọn tó ń gbé inú ilé, àfi bó bá mọ ìṣe wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́míkà rí: atrazine tí àwọn alágbàdo fi ń pa koríko a máa tètè gba iná, ṣúgà a sì máa lọ́ra. Ìyàtọ̀ àárín kẹ́míkà kan sí òmíràn lè tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Ká ní wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ni, wọn ìbá ra ojúlówó rẹ̀, kí wọ́n fi wé e, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí. Nígbà tí wọn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní láti yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ kẹ́míkà mìíràn. Ká sọ pé tiyín fún ẹ̀rọ ní àmì (iye tí ẹ̀rọ kà) 60,000. Wọ́n wá fi kẹ́míkà méjì tí wọ́n mọ̀ sínú ẹ̀rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máíkírógíráàmù 1 nínú lítà. Èkíní fún wọn ní 200,000, èkejì ní 20,000. Bí tiyín bá ń gba iná bí èkíní, 0.3 ni; bó bá ṣe bí èkejì, 3 ni. (Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n máa ń ju méjì lọ dáadáa.) Lójú tèmi, ilé àyẹ̀wò tó kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ fún yín ṣe òótọ́ ju èyí tí ìbá kọ 0.87 ṣoṣo.

Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fi omi mímọ́ la omi náà, kí wọ́n tó tún un wọ̀n. Ewé jíjẹrà àti iyọ̀ inú ilẹ̀ máa ń bá kẹ́míkà du iná ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá fi omi mímọ́ là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, tí 60,000 sì di nǹkan bíi 6,000, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ 15,000 ló kù, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ti ń bò ó mọ́lẹ̀, ohun tó wà nínú kànga yín sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ lọ.

Nínú omi mímu, òfin àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù kò gba oògùn oko kọ̀ọ̀kan láàyè ju máíkírógíráàmù 0.1 lọ nínú lítà kan. Bó bá jẹ́ oògùn oko ni tiyín, 0.3 tó kéré jù pàápàá ti kọjá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì mu omi kànga náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n wá orúkọ kẹ́míkà náà kí ẹ tó béèrè fún nọ́ńbà tó péye ju èyí lọ.