Ibo ni kí n dojú ìwádìí mi kọ nínú ìṣàkóso ìmọ̀ ní ilé ìkàwé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà ní Òṣogbo ni mò ń gbé, mo sì ń kàwé gboyè másítà nínú iṣẹ́ ilé ìkàwé. Mo fẹ́ ṣèwádìí lórí ìṣàkóso ìmọ̀ (knowledge management), ìyẹn bí iléeṣẹ́ ṣe ń kó ìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ tí wọ́n sì ń pín in, àmọ́ ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní ó ti fẹ̀ jù, kí n lọ wo ibi tí àwọn olùwádìí ń kọjú sí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, ọ̀gá rẹ ò parọ́. Bí ẹni ní òun fẹ́ lọ ra nǹkan ní Ọjà Ọba lo ṣe sọ ọ́. Kí lo fẹ́ rà?

Ọ̀dọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Nonaka àti Takeuchi, ọmọ Japan méjì, gbé ìwé jáde ní 1995, gbogbo èèyàn sì ṣì ń tọ́ka sí wọn. Wọ́n ní ìmọ̀ kan wà tó ti wọnú ìwé, òmíràn sì wà lórí èèyàn, tí ẹni tó ni ín gan-an ò mọ bí òun á ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Aláró Òṣogbo mọ èyí dáadáa: bi í bó ṣe mọ̀ pé aró ti tó í ki aṣọ bọ̀, á ní kí o sún mọ́bí kí o wá wò ó.

Nílé ìkàwé, ohun tí àwọn olùwádìí kọ́kọ́ ń jiyàn lé lórí ni bóyá ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ kàn wá. Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀rọ, bíi DSpace tó jáde ní 2002, tí àwọn yunifásítì fi ń kó iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń pín ìmọ̀ fúnra wọn ló wá gbòde. Látìgbà tí ChatGPT ti dé lópin 2022, AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni tó ní làákàyè, ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Má sáré tẹ̀ lé e. Kó o tó kọ orí kejì, ohun tó o kọ ní orí kìíní á ti gbó.

Má kàn gba tèmi. Bí yunifásítì rẹ bá ń sanwó Scopus, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó àwọn àkọlé jáde níbẹ̀ kó o gbé wọn sínú VOSviewer, ètò kọ̀ǹpútà kan, ọ̀fẹ́ ni. Á ya àwòrán àwọn ọ̀rọ̀ tó ń rìn pọ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jọ́nà Nàìjíríà ni kò sí nínú Scopus, torí náà ibi tó dà bíi pé ó ṣófo lè má ṣófo. Yẹ AJOL (African Journals Online), tó ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ, àti Google Scholar wò pẹ̀lú.

Ohun tó o máa bá pàdé jù nínú iṣẹ́ tiwa ni fọ́ọ̀mù ìbéèrè: “Mo gbà, mo gbà gan-an, mi ò gbà.” Ìmọ̀ tẹ́nì kan ò mọ bó ṣe máa sọ, ṣé fífi bírò fa ìlà sí àpótí ló máa mú un jáde? Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bàbá kan fẹ̀yìn tì, a sì lo oṣù mélòó kan ká tó mọ bó ṣe to àwọn ìwé pélébé ìbílẹ̀ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wa. A ò bi í ni.

Ibi tí mo fẹ́ kó o lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fẹ̀yìn tì lẹ́ni 60 ọdún tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ 35 ọdún, èyí tó bá yá. Wá òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì ní àwọn ilé ìkàwé Òṣogbo. Má bi wọ́n ní “Kí lẹ mọ̀?” Gbé ìwé ẹsẹ Ifá kan síwájú wọn: ṣé 299.6 ni wọ́n máa fún un, níbi tí Dewey, ètò nọ́ńbà tí ilé ìkàwé fi ń to ìwé, to ẹ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà sí, àbí 896.333, tí í ṣe ti lítíréṣọ̀ Yorùbá? Kí ló dé? Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Tọrọ àyè kó o tó gba ohùn wọn sílẹ̀, kó o sì padà lọ ka ohun tó o kọ fún wọn, torí wọ́n á tún un ṣe, àtúnṣe yẹn gan-an sì ni dátà rẹ.