Gìtá tuntun tó jọ ti 1960: kí ni 7.25 máa ṣe fún ọwọ́ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Gìtá ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ bá mi ra Fender Vintera II '60s Stratocaster, gìtá oníná tuntun tí ilé iṣẹ́ Fender ṣe bíi ti àwọn ọdún 1960. Wọ́n kọ 7.25, "vintage tall" àti "polyester" sí àpèjúwe rẹ̀, kò sì yé mi. Àwọn kan tún ní irú gìtá bẹ́ẹ̀ máa ń kùn. Ṣé kí n ní kí wọ́n rà á?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́: kọ́ọ̀dù lo ń ta jù ni, àbí o fẹ́ràn kí o máa ti okùn sókè títí á fi máa ké bí ẹni ń sunkún? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 7.25 yẹn wà.

Ojú ọrùn gìtá tí à ń fi ìka tẹ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ga díẹ̀ láàárín, ó sì rọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹ̀yìn ahun. Ká ní o fa òbìrìkítí kan tí àárín rẹ̀ jìnnà sí etí rẹ̀ ní ínǹṣì 7.25, bí ojú ọrùn náà ṣe tẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ẹ̀yìn ahun á ṣe yọ tó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe Stratocaster ní àwọn ọdún 1960 nìyẹn, 9.5 ló wọ́pọ̀ lára àwọn Fender òde òní.

Ìka ènìyàn kì í gún bíi rúlà. Tí o bá fi ìka kan tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́lẹ̀, orí ọrùn tó tẹ̀ ló máa ń jókòó sí dáadáa. Ẹni tó bá ń ta kọ́ọ̀dù kéékèèké inú jùjú àti háíláìfù fún wákàtí mẹ́ta kò ní tètè rẹ̀. Wàhálà dé tí o bá ti okùn kìíní, èyí tó tín-ín-rín jù, láti ẹ̀gbẹ́ lọ sí àárín: ó ń gun òkè ẹ̀yìn ahun lọ, yóò lọ kan àwọn fret (irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá) tó wà níwájú, ohùn á sì kú síbẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni kí okùn ga díẹ̀. Fún ọrùn 7.25, ìwọ̀n tí Fender fúnra wọn là sílẹ̀ lórí fret 17 ni mìlímítà 2 lábẹ́ okùn tó nípọn jù àti 1.6 lábẹ́ èyí tó tín-ín-rín jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí okùn rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má ti okùn jìnnà.

"Vintage tall" ni pé fret náà tín-ín-rín, ó sì ga. Bí ọwọ́ rẹ bá le, tí o ń tẹ okùn bí ẹni ń gún iyán, ohùn á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wàá kọ́ bí a ṣe ń rọra tẹ̀ ẹ́.

Ní ti kíkùn, òótọ́ ni. Pickup rẹ̀, ohun tó ń gba ohùn okùn lọ sínú ẹ̀rọ, jẹ́ wáyà kan ṣoṣo tí wọ́n ká mọ́ irin tó ń fa irin mọ́ra, ohun tó sì ń gbọ́ okùn náà ló ń gbọ́ iná mànàmáná ilé, tó ń mì nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní Nàìjíríà. Gílóòbù gígùn funfun orí àjà tún máa ń dá kún un. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú gìtá, ní kí oníná ṣọ́ọ̀ṣì yẹ wáyà ilẹ̀ wò, kí o sì yí ara rẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wàá rí ibi tí ariwo náà ti máa dínkù. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, kó wá gìtá onípickup oníwáyà méjì, irú èyí tí Seth Lover ṣe ní ilé iṣẹ́ gìtá Gibson ní 1955.

Polyester ni ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún. Nitro, irú ọ̀dà mìíràn, ni àwọn olùfẹ́ gìtá àtijọ́ ń pariwo, torí ó fẹ́lẹ́, ó sì ń gbó lọ́nà tó dùn ún wò. Ní tèmi o, nínú òógùn àti ooru wa níbí, polyester ni mo máa mú. Nitro kì í tilẹ̀ bá rọ́bà tó wà lára stand rẹ́. Rọ́bà náà lè jẹ ọ̀dà náà.

Nǹkan kan wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sábà sọ. Lára Stratocaster àtijọ́, ìdí ọrùn, níbi tó ti wọnú ara gìtá, ni ibi tí a ti ń yí irin tó ń mú ọrùn náà gún wà. Tí ọyẹ́ bá dé tí ọrùn yí padà, a ní láti dẹ okùn, ká tú skúrù mẹ́rin, ká tó lè yí i. Iṣẹ́ ọ̀sán Sátidé ni, kì í ṣe iṣẹ́ àárọ̀ Sunday.

Bí kọ́ọ̀dù bá ni iṣẹ́ rẹ, jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ rà á. Bí títi okùn bá ni, kí wọ́n wá 9.5. Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ní ṣọ́ọ̀bù kó ti okùn kìíní sókè lórí fret 12 títí dé 15, kó di ìwọ̀n ohùn fret méjì sókè, kó sì mú un dúró. Bí ohùn bá kú, kí wọ́n sọ pé kí wọ́n gbé okùn sókè kí wọ́n tó dì í sínú àpótí.